Detector létí omi: ẹ sọ ìrírí tiyín, ẹ̀yin ará Abuja àti Òkè Ọya

Ọmọ Ìkirè, Kubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn èèyàn a máa bi mí pé ní Abuja tí kò sí òkun yìí, kí ni mo ń fi detector, ẹ̀rọ tó ń wá irin àti wúrà nínú ilẹ̀, ṣe létí omi. Òkun kò sí lóòótọ́, àmọ́ níbi tí èèyàn bá ti ń wẹ̀, tí wọ́n ń ṣeré nínú omi, òrùka á bọ́ ṣáá ni. Omi tútù a máa mú kí ìka súnkì, ìpara tí a fi para á tún mú un yọ̀. Kí ẹni tó ni ín tó fura, ó ti lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè mí sí jù nìyẹn, kí n wá bá wọn wá ohun tó bọ́.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti ìsàlẹ̀ omi Gurara, lọ́nà Minna. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan láti Gwarinpa bá ọkọ rẹ̀ lọ wo omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta tó ga tó nǹkan bíi 30 mítà. Ó bu omi wọ́n ọkọ, òrùka ìgbéyàwó bá omi lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà, kò jù mí lórúnkún lọ níbi tó nàka sí. Ká ní ìgbà òjò ni, mi ò ní í dá wọn lóhùn rárá. Omi yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni nígbà òjò.

Ohun tí ẹni tó bá ra ẹ̀rọ yìí lọ́dọ̀ wa níbí máa kọ́kọ́ bá jà ni ilẹ̀. Irin tó wà nínú yangí ló sọ ọ́ di pupa, ohun tí etí detector sì ń gbọ́ nìyẹn: ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ti ń ké. Ẹ wá ibi tí kò sí ìdọ̀tí irin lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa gbé kọ́ìlì, ìyẹn nǹkan roboto tó wà nídìí ọ̀pá, sókè sódò bí ẹni ń gún iyán jẹ́jẹ́, títí ariwo á fi rọlẹ̀. Ground balance ni wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Tí ẹ bá kúrò lórí ilẹ̀ pupa bọ́ sórí iyanrìn, ẹ tún un ṣe. Kí ẹ sì dín agbára rẹ̀ kù díẹ̀. Àwọn kan á yí i dé òpin pé kó lè gbọ́ ohun tó jìn. Ariwo ni wọ́n máa ń gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìdérí ìgò ọtí àti etí agolo mínírà ló kún ìsàlẹ̀ Gurara. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí èyí: nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń gbé jáde fún etí agolo àti èyí tó ń gbé jáde fún òrùka wúrà súnmọ́ra gan-an. Ẹni tó bá ní kí ẹ̀rọ máa fo etí agolo, ó ti ní kó máa fo wúrà náà nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ni mo wà jáde. Wúrà wúwo, omi kì í gbé e jìnnà, ibi tí òkúta bá ti dínà ló ń forí pamọ́ sí. Mo fi ibi tí wọ́n nàka sí sílẹ̀, mo bọ́ sẹ́yìn òkúta ńlá àkọ́kọ́ tó wà nísàlẹ̀. Ohùn kan dún níbẹ̀, ó kéré àmọ́ ó mọ́. Mo fi kọ́ìlì wá a láti ọ̀tún, mo wá a láti òsì, nọ́ńbà kan náà. Mo ti ṣọ́bìrì oníhò wọlẹ̀, mo gbé e sókè, omi àti iyanrìn ń dà lójú ihò, ó wá ku òkúta wẹ́wẹ́. Òrùka náà há sáàárín méjì nínú wọn, ẹrẹ̀ ti di ojú rẹ̀. Ìyàwó ò lè sọ̀rọ̀. Ọkọ ló ń pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó tún bọ́ o!”

Wẹ́dà kan ní Dei-Dei ló bá mi jó ṣọ́bìrì yẹn, stainless ni, kó má baà dípẹtà. Ẹ máa gbé e jìnnà sí kọ́ìlì tí ẹ bá ń wá nǹkan, irin lòun náà.

Ó wá ku ìtọ́jú. Ẹ ka ìwé tó bá ẹ̀rọ wá kí ẹ tó tì í bọ omi. Ọ̀pọ̀ èyí tí kò wọ́n, kọ́ìlì nìkan ló lè wọ omi, àpótí tó wà lókè kò gbọdọ̀ tutù. Garrett AT Pro àti Minelab Equinox 800 lè dé mítà 3, Equinox 900 lè dé mítà 5. Síbẹ̀, íápíìsì tó bá wọn wá kì í ṣe èyí tí a ń gbé wọ omi. Ti inú omi wà lọ́tọ̀, owó rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Ti Bluetooth tiẹ̀ burú jù, bí ẹ̀rọ bá ti rì báyìí, gbogbo ohùn dákẹ́, torí ìgbì rẹ̀ kì í lè la omi kọjá.

Tí mo bá délé, mo máa ń tú ọ̀pá rẹ̀ pátá. Iyanrìn tó bá há sí ojú oríkèé rẹ̀ á máa ha á títí kò fi ní ṣeé fà mọ́. Mo ń ṣí ìdérí abẹ́ kọ́ìlì, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi fọ̀ ọ́, torí ẹrẹ̀ yangí tó bá gbẹ síbẹ̀ á máa dún ní tiẹ̀. Rọ́bà tó ń dí omi nílé bátìrì, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Horo iyanrìn kan ṣoṣo lórí rẹ̀ ti tó fún omi láti gbà wọlé. Ẹ má fi ṣáájì kàn án títí ojú iná rẹ̀ á fi gbẹ. Kí ẹ má sì fi í sínú bùùtù mọ́tò lóòrùn Abuja, pàápàá ní oṣù kẹta, bátìrì kò fẹ́ ooru.

Ìyá Ìbejì, Minna

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọmọ Ìkirè. Ti ojú ọ̀nà ni tèmi. Àbúrò mi ọkùnrin ló ni ẹ̀rọ, èmi ni mo ń wakọ̀. Sójà ní ká ṣí bùùtù, ó rí ọ̀pá, ó rí nǹkan roboto nídìí rẹ̀, ló bá fi Haúsá bi wá bóyá bọ́ǹbù la ń wá ni àbí wúrà. Èwo lèèyàn fẹ́ jẹ́wọ́ nínú méjèèjì? Àbúrò mi fọgbọ́n ṣe é. Ó yọ náírà onírin kan lápò, ó jù ú sínú koríko, ó ní kí ọ̀gá fúnra wọn fi ẹ̀rọ wá a. Wọ́n rí i, inú wọn dùn, wọ́n tún ní ká ju òmíràn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dá ẹ̀rọ padà fún wa.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń dẹ̀rín. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni wọ́n, ìpínlẹ̀ wa yìí sì kún fún wúrà. Ẹ máa gbé rìsíìtì ẹ̀rọ rìn, kí ẹ sì ní fọ́tò àwọn òrùka tí ẹ ti bá èèyàn rí lórí fóònù. Ẹni tó bá sì ń rò pé òun á fi kó wúrà inú odò, kó má da ara rẹ̀ láàmú. Lẹ́búlẹ́bú ni èyí tí wọ́n ń fi igbá jọ̀ nínú odò. Detector kì í gbọ́ ọ. Iyanrìn dúdú tó máa ń bá a rìn lẹ̀rọ máa gbọ́, á sì máa fi pariwo.

Bàbá Lokoja

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá sọ́dọ̀ wa nígbà tí Ọya bá fà, iyanrìn á yọ láàárín odò. Ìdọ̀tí irin pọ̀ níbí ju ti Abuja lọ, ọkọ̀ ojú omi òyìnbó ti ń gúnlẹ̀ síbí kí wọ́n tó ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbí ní January 1, 1900. Ìṣó ni ẹ ó kọ́kọ́ máa wà jáde. Èmi ti rí kọ́bọ̀ oníhò ayé àtijọ́, ìyẹn ká tó bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà ní 1973, iyanrìn dí ihò àárín rẹ̀ pinpin. Mo fi omi lásán rẹ ẹ́. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí eérú bó o, ojú rẹ̀ á bàjẹ́, iye rẹ̀ á sì já.

Ohun tó bá ju owó lọ, tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ìgbàanì, ẹ fi í síbi tó wà, kí ẹ sọ fún àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ rántí pé àwọn tó ń wa tánganran (tin) ló kọ́kọ́ hú ère Nok jáde ní 1928. Amọ̀ ni, ẹ̀rọ yín kò ní í kìlọ̀ fún yín kí ṣọ́bìrì tó gbá a.

Alájọ, Nyanya

Mo gbé ti ọ̀rẹ́ mi lọ sí Èkó lọ́dún Kérésì. Lórí iyanrìn gbígbẹ, kò sí wàhálà. Bí mo ṣe dé ibi tí ìgbì ti ń fọwọ́ kan ilẹ̀, ó figbe ta, kò sì dákẹ́ mọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ọmọ Ìkirè, Kubwa

Kò bàjẹ́, Alájọ. Iyọ̀ ni. Omi iyọ̀ máa ń gbé iná, ẹ̀rọ tó ń lo ìgbì iná (frequency) ẹyọ kan á máa rí i bí irin. Èyí tó ń lo ìgbì iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí ti pulse induction, tó ń ju iná sílẹ̀ ní ìdá-ìdá, ni wọ́n ń gbé lọ sí òkun. Omi odò tiwa kò ní wàhálà yẹn. Ẹ bá ọ̀rẹ́ yín fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án dáadáa, tí ẹ kò bá tíì ṣe é. Kí iyọ̀ má jókòó sójú iná.

Nọ́ọ̀sì, Lugbe

Gbogbo yín ń tọ́jú ẹ̀rọ, ẹ ò dárúkọ ẹsẹ̀ yín. Ìgbín inú omi tó dúró sójú kan, tó ní koríko, ló ń tú kòkòrò ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sómi. Awọ ara ni kòkòrò yẹn ń gbà wọlé, kò dìgbà tí èèyàn bá mu omi náà. Ọ̀sán gangan ló máa ń pọ̀ jù. Ẹ wọ bàtà rọ́bà gígùn, kí ẹ sá fún ibi tí koríko bá ti dí omi. Ẹni tó bá ti ń wọ omi bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kó lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Praziquantel wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ìkirè, Kubwa

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Èyí tó dé itan ni mo ń wọ̀, Wuse ni mo ti rà á. Ṣé ilé ìwòsàn ìjọba ni ká ti lọ ṣe àyẹ̀wò yẹn, àbí láàbù lásán náà lè ṣe é?