Kí ló dé tí kíì píánò mi fi ń wúwo lábẹ́ ìka?

Olùbéèrè: Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Píánò olóòró kan tó ti gbó wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni kíì rẹ̀ ti ń wúwo, débi pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, apá á ti máa ro mí. Àwọn kan nínú wọn kì í tètè gbéra padà. Wọ́n ní kí n fi epo sí i. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn kìíní: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi epo kàn án rárá. Yóò wọ inú aṣọ irun àgùntàn tó yí píìnì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó di kíì mú, ká, aṣọ náà á wú, á sì máa kó eruku jọ. Ẹ tẹ pẹ́dà ọ̀tún mọ́lẹ̀, kí ẹ tó tẹ kíì wò. Pẹ́dà yẹn ló ń gbé gbogbo dámpà, ìyẹn ohun tó ń pa ohùn wáyà, kúrò lára wáyà. Kò sí píánò tí kì í fúyẹ́ díẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ náà bá pọ̀, a jẹ́ pé sípíríìǹgì dámpà le jù, tàbí pé dámpà ń tètè gbéra, nígbà tó jẹ́ pé òòlù tó ń lu wáyà gbọ́dọ̀ rin bí ìdajì ọ̀nà rẹ̀ kí dámpà tó kúrò.

Ìdáhùn kejì: Bí pẹ́dà kò bá yí nǹkan padà, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ gbé òṣùwọ̀n kéékèèké lé etí iwájú kíì. Nǹkan bí gíráàmù 50 ló sábà máa ń mú un sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì yẹ kó lè gbé bí 20 padà sókè. Bí kò bá lè gbé e, híhá ló ń dà á láàmú, kì í ṣe ìwúwo. Ẹ wá fi ìka gbé apá tó jókòó lé ẹ̀yìn kíì sókè, kí ẹ mi kíì nìkan: bó bá ṣì há, ọ̀dọ̀ píìnì kíì ni àìsàn wà, bó bá ń lọ geere, oríkèé òòlù àti ti apá yẹn ni kí atúnpíánòṣe yẹ̀ wò.

Olùbéèrè: Mo dúpẹ́. Pẹ́dà kò yí nǹkan kan padà. Gíráàmù 75 ló tó mú un sọ̀ kalẹ̀, kíì nìkan sì há gan-an, pàápàá láàárín. Ṣé kí n fi ẹ̀mú tẹ aṣọ inú ihò rẹ̀ kó lè gbà?

Ìdáhùn kejì: Ẹ ní sùúrù ná. Oṣù mẹ́ta tí ẹ dárúkọ ń jẹ́ kí n fura sí ọ̀rinrin. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rinrin yàrá náà wà láàárín ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ tún fi òṣùwọ̀n yẹn wọn kíì. Bí ẹ bá tẹ aṣọ tó wú nísinsìnyí, nígbà tó bá gbẹ, kíì á máa mì, á sì máa pariwo.