Pickup wo ló yẹ gìtá onígi tí a ń ta nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ìlù pọ̀ sí?

Ọmọ Kábà
Okun o, gbogbo ilé. Gìtá onígi olókùn irin ni mo fẹ́ fi pickup (ohun tó ń gba ohùn gìtá lọ sínú míkísà) sí, Kábà níbí la ó ti máa lò ó. Dírọ́ọ̀mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mónítọ̀ kan kọjú sí mi, jẹnẹrétọ̀ la sì sábà ń tàn. Máíkì tí wọ́n gbé síwájú gìtá ń hu ní kété tí wọ́n bá ti gbé ohùn rẹ̀ sókè. Èwo ni kí n rà: èyí tí wọ́n ń há sí ojú ihò gìtá, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ saddle (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn gbé lé lórí ara gìtá), àbí èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú? Míkísà wa kò ní ojú Hi-Z, ìyẹn ojú wáyà tí ìdènà iná rẹ̀ (impedance) ga.

Agbẹ́gìtá Ìsánlú
Okun, àbúrò. Ariwo ibi tí ẹ ti ń ta á ni kẹ́ ẹ fi yàn án, ẹ má fi bó ṣe dùn nínú yàrá yàn án.

Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú ló sún mọ́ ohùn gìtá gan-an jù, torí pátákó gìtá ló ń gbọ́. Ohun kan náà ló máa dá yín lágara: mónítọ̀ àti dírọ́ọ̀mù ń mi pátákó yẹn, pickup á gbọ́ ọ, spíkà á tún gbé e jáde, ló bá di húù. Ibi tó parọ́rọ́ ló bá a mu.

Èyí tó ń wọ ojú ihò ni kẹ́ ẹ mú. Mágínẹ́ẹ̀tì ni, ìmìtìtì okùn irin ló ń gbà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ka pátákó sí. (Lórí okùn ọ̀rá kò ní dún rárá.) Humbucker, ìyẹn oníkóìlì méjì, ni kẹ́ ẹ béèrè fún; oníkóìlì kan á máa kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣájà, gílóòbù gígùn àti wáyà iná. Ẹ tú okùn sílẹ̀ díẹ̀, ẹ tì í wọ ihò, ẹ fún síkúrù rẹ̀ méjèèjì títí tí kò fi ní mì, ẹ má fún un jù kó má bàa ge igi. Okùn kìíní àti èkejì á pariwo ju àwọn yòókù lọ, nítorí irin lásán ni wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé idẹ ló wé mọ́ àwọn tó nípọn, mágínẹ́ẹ̀tì kì í sì í gbọ́ idẹ. Bí pickup náà bá ní síkúrù lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan, ẹ yí ti méjèèjì yẹn wálẹ̀.

Olóhùn Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa ariwo, ṣùgbọ́n ti mágínẹ́ẹ̀tì máa ń dún bíi gìtá oníná. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn igi hàn, èyí tó wà lábẹ́ saddle ni kó mú, kó ní preamp (ẹ̀rọ kékeré tó ń fún ohùn pickup lágbára) tirẹ̀ nínú. Láìsí preamp, ó nílò ojú Hi-Z tó tó 1 MΩ. Ojú line ti míkísà sábà wà ní nǹkan bíi 10 kΩ, gbogbo bass á sì ṣòfò, ohùn á tín-ín-rín.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni ìfisí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọn kòtò saddle: 2.4 mm ni tàbí 3.2 mm? Pickup tó bá a mu ni kẹ́ ẹ rà. Bí pickup bá ṣe nípọn tó ni kẹ́ ẹ yọ kúrò nísàlẹ̀ saddle, lórí sánpépà 220 tí ẹ lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kí ìsàlẹ̀ náà lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí okùn kan bá ń dún kéré, ìsàlẹ̀ yẹn ni kò tẹ́, tàbí saddle ló há jù nínú kòtò. Ó yẹ kí ìka lè fà á yọ. Ihò wáyà, ẹ lu ú sí ìpẹ̀kun kòtò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ wá inú gìtá pé kò bọ́ sórí igi ìtìlẹ́yìn.

Ọmọ Kábà
Ẹ ṣeun gan-an. Ihò jáàkì ìdí gìtá ńkọ́? Káfíńtà ló wà nítòsí mi.

Agbẹ́gìtá Ìsánlú
12 mm ló sábà máa ń jẹ́. Kó má fi dírílì ńlá lu ú lẹ́ẹ̀kan náà, igi á ya. Kó lẹ téèpù mọ́ ojú rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré, kó sì fi reamer fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá ní reamer, ẹ jẹ́ kí wáyà ti ojú ihò gìtá jáde. Ìyẹn kì í ṣe ìṣòro fún ti mágínẹ́ẹ̀tì.

Olóhùn Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ tún fi kún un: ẹ yọ wáyà kúrò nínú jáàkì lẹ́yìn ìsìn, torí wáyà tó wọlé ló ń tan preamp, bátìrì 9 V á tètè kú. Bó bá ṣì ń hu, ẹ fi ìdérí rọ́bà dí ojú ihò gìtá, ẹ yí mónítọ̀ kúrò lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ dín 100 sí 250 Hz kù lórí míkísà. Nígbà ọyẹ́, pátákó á gbẹ, á wálẹ̀, okùn á sún mọ́ ọrùn. Ẹ má tíì fá saddle nígbà yẹn.