Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ayọ̀ kéékèèké inú ọdún

Nígbà tí ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo bi yín pé kí ni kí n ṣe tí ọdún kò fi ní lọ láìjẹ́ pé mo rí nǹkan tọ́ka sí. Ẹnì kan ní kí n máa kọ ohun ayọ̀ kan sílẹ̀ lálaalẹ́. Ẹlòmíì ní kí n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ládùúgbò.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló ṣiṣẹ́ jù. Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, mo bá lọ bá ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú. Ìyá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n tì bọ inú ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sára aṣọ. Nígbà tí a fa aṣọ mi yọ nínú aró, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ní. Bí atẹ́gùn ṣe ń kàn án ló ń dúdú lójú mi. Mo pariwo! Òun ni mo wọ̀ tí èmi àtọmọ mi fi gun Òkè Olúmọ.

Ìwé kíkọ ṣiṣẹ́ díẹ̀. Oorun kì í jẹ́ kó ṣeé ṣe lálaalẹ́, mo wá yí i sí alẹ́ Sunday, ìyẹn sì dúró.

Ó ku bí wọ́n ṣe ń po aró fúnra rẹ̀. Ìyá ní ó di lẹ́yìn ọdún. Ẹ ṣeun gan-an.