Wọ́n mú àbúrò mi ní Kútọnú, Èkó la ti bá a. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó ń béèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ń ta aṣọ ní ọjà Dantokpa. Ẹni tó ń kó ọjà fún un láti Èkó ní ó jẹ òun lówó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́pàá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n mú un. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fà á lé ọlọ́pàá Nàìjíríà lọ́wọ́ ní bodè Sẹ̀mẹ̀. Kò fojú kan adájọ́, wọn ò fi ìwé kankan hàn án. Wọ́n ní ká san gbèsè náà tán kó tó jáde. Ìyá wa ò rí oorun sùn. Ṣé ká san án ni?

Bàbá Ìbejì, Àgbádárìgì: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Òfin ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan mú èèyàn. Kí ẹni tó ní wọ́n jẹ òun lówó gba ilé ẹjọ́ lọ.

Lọ́yà Ìbàdàn: Bodè yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Láti 1984 ni Benin, Ghana, Tógò àti Nàìjíríà ti ní àdéhùn lórí fífa afurasí lé ara wọn lọ́wọ́. Ti ECOWAS tún dé ní 1994. Ìwé ni ìjọba fi ń béèrè èèyàn lọ́wọ́ ìjọba, kì í ṣe pé ọlọ́pàá pe ọlọ́pàá lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n mú Sunday Igboho ní Kútọnú ní July 2021, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ.

Ẹni tó ń béèrè: Wọ́n ní Interpol ló ní kí wọ́n mú un o.

Lọ́yà Ìbàdàn: Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Àjọ tó ń yẹ fáìlì Interpol wò wà ní Lyon. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè bóyá orúkọ òun wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn máa pẹ́. Ní báyìí, ẹ wá lọ́yà tó máa pẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Háì Kọ́ọ̀tù. Abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa ní kí wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Lẹ́yìn náà, ẹ lè pe ìjọba méjèèjì lẹ́jọ́ ní kóòtù ECOWAS ní Àbújá, ẹ ò ní láti parí ẹjọ́ tilé kẹ́ ẹ tó lọ.

Mi ò ní tàn yín o: nínú ẹjọ́ Nnamdi Kanu, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 2023 pé bí wọ́n ṣe gbé e wá láti Kenya kò ní kí ẹjọ́ rẹ̀ má tẹ̀ síwájú. Torí náà, ẹ má gbé gbogbo ìrètí lé bodè yẹn, ẹ di ti gbèsè náà mú ṣinṣin.

Ìyá Ṣadé, Kútọnú: Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ kọ ohun tójú wọn rí sílẹ̀ báyìí: ọjọ́, aago, nọ́ńbà mọ́tò. Tó bá pẹ́, ẹ̀rù á bà wọ́n.

Ẹni tó ń béèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Mo ti pe àwọn ará ọjà rẹ̀, ẹni méjì gbà láti kọ ọ́. Lọ́yà ń bá wa lọ sí àgọ́ láàárọ̀ ọ̀la.