Ta ló sọ èèpo ẹyin di ìdọ̀tí?

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá pe èèpo ẹyin tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ oúnjẹ adìyẹ ní "ìdọ̀tí-oúnjẹ àtúnlò", wọ́n sì pe ohun tó ń fi kún oúnjẹ ọ̀hún ní "àfikún alálùmọ́ọ́nì". Wọ́n ní ọdún 30 làwọn fi kọ́ni ní Yorùbá. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n "dọ̀tí" inú ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Ohun tó bá dọ̀tí, ṣé a máa ń fi bọ́ adìyẹ tí a máa jẹ ẹyin rẹ̀ ni? Ìyá tó tọ́ mi dàgbà máa ń se èèpo ẹyin kí kòkòrò àrùn ara rẹ̀ lè kú. Wọ́n á wá sá a títí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ á fi gbẹ, tí èèpo á máa fọ́ wẹ́rẹ́ bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, kí wọ́n tó gbé e sínú odó. N kò gbọ́ "ìdọ̀tí" lẹ́nu wọn rí. "Àṣẹ́kù" ni wọ́n ń pè é.

Ẹlòmíràn ti dábàá "àjẹkù", ó sì fi òwe tì í lẹ́yìn pé àjẹkù là ń mayo. Òwe náà dáa, kò kan èèpo ẹyin. Ọ̀rọ̀-ìṣe "jẹ" ló wà níbẹ̀. Ta ló jẹ èèpo ẹyin, tó wá jẹ ẹ́ kù? Inú ẹyin la jẹ, èèpo ló ṣẹ́ kù.

"Àtúnlò" ní tiẹ̀, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, n kò sì gbà fún ẹni tó fẹ́ fi "àlòkù" rọ́pò rẹ̀. "Tún" yẹn wà láyè rẹ̀ gan-an. Nínú 100 gíráàmù èèpo ẹyin, ó tó 38 tó jẹ́ kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun àti èèpo ẹyin le. Adìyẹ tó ń yé máa ń lo nǹkan bí 2 gíráàmù rẹ̀ fún èèpo ẹyin kan, nǹkan bí wákàtí 20 ló sì fi ń mọ èèpo ọ̀hún, òru ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí kò bá rí i tó nínú oúnjẹ, egungun ara rẹ̀ ló máa yọ ọ́ lò, ẹyin rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ohun tó fi kọ́ èèpo àná ló tún gbé mì lónìí kó lè fi kọ́ òmíràn. Kí ló tún kù tí a ń pè ní àtúnlò?

Àkíyèsí kan: "ìwé adìyẹ" ni ẹ̀gbọ́n kọ. Iwe ni o! Ẹ yọ àmì méjèèjì kúrò. Inú iwe ni èèpo tí a kò gún kúnná máa ń dúró sí, tó ń yòrò díẹ̀díẹ̀ mọ́jú, nígbà tí adìyẹ kò jẹun mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi kì í fi í gún un di lẹ́búlẹ́bú.

Ó ku "alálùmọ́ọ́nì". Bí mo bá gbọ́ àlùmọ́ọ́nì, góòlù àti epo rọ̀bì inú ilẹ̀ ló ń wá sí mi lọ́kàn. "Aṣaralóore" tí àwọn kan ń lò gbòòrò jù, ó kó ẹ̀wà àti ẹran mọ́ ọn. Èmi ń rò ó bóyá "èròjà amégungunle" lè ṣe é, àmọ́ mo mọ̀ pé èèpo ẹyin kì í ṣe egungun, nítorí náà n kò tíì rin kinkin mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n tó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n kọ "àṣẹ́kù oúnjẹ àtúnlò" síbẹ̀.