Àbúrò mi ti sọ gbajúmọ̀ orí Instagram di òrìṣà, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ló ń tẹ̀ lé bíìgì bọ́ì kan lórí Instagram, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kó ṣáà ti sọ̀rọ̀, òótọ́ ni lójú àbúrò mi, kódà bó ṣe ń gẹrun lòun náà ń gẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀kọ ti tutù níwájú ẹ̀, ó ń wo fídíò ibi tí ọkùnrin yẹn ti ń ka owó nínú mọ́tò, ló bá lóun ò ṣe JAMB mọ́.

Mo rán an létí Hushpuppi, ọmọ Nàìjíríà tó ń fi owó jìbìtì ṣe fàájì lórí Instagram. Ṣebí gbogbo wa la jọ rí i, àwọn bùlọ́ọ̀gì ń gbé e kiri, Gucci lónìí, Rolls-Royce lọ́la, àwọn tó ń tẹ̀ lé e lé ní mílíọ̀nù 2, àfìgbà tí wọ́n mú un ní Dubai lọ́dún 2020, ó gbà lẹ́nu ara ẹ̀ pé òun jẹ̀bi, Amẹ́ríkà sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 11 àtoṣù díẹ̀ ní 2022. Àbúrò mi ní ìlara ló ń da mí láàmú. Ó dùn mí dọ́kàn, torí èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀ látìgbà tí màmá wa ti kú.

Ẹni tó bá ti nírú ẹ̀ nílé, báwo lẹ ṣe bá a sọ ọ́ tó fi gbọ́? Ṣé kí n gba fóònù yẹn ni, àbí ìyẹn á tún lé e jìnnà sí mi?