Òkìtì funfun tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ wa

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nípa ìgbà tí mo ṣírò ìpalára tí ọjà wa ń ṣe fún àyíká tí mo sì fo ohun tó wà níwájú mi.

Ṣúgà la fi ń bọ́ bakitéríà níbi iṣẹ́ wa, kí wọ́n lè ṣe lactic acid, ìyẹn ásíìdì tó ń mú kí wàrà kan, tí wọ́n fi ń ṣe ike tí wọ́n ń pè ní PLA. Torí pé ara ewéko ni ṣúgà ti wá, a ti gbà pé ọjà wa ò lè ba àyíká jẹ́. Ọ̀gá mi wá ní kí n ṣe LCA rẹ̀, ìyẹn ìṣirò gbogbo ìpalára tí ọjà kan ń ṣe fún àyíká látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ìlànà àgbáyé ISO 14040 àti 14044 ṣe là á sílẹ̀, káwọn tó fẹ́ dáwó lè rí i. Mo ní kí ló le níbẹ̀?

Ásíìdì tí bakitéríà ń ṣe, òun náà ló ń pa wọ́n, ìdí nìyẹn tá a fi ń da lime (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí látinú òkúta, kì í ṣe èso) sí i kó má baà kan jù. Tí iṣẹ́ wọn bá parí, a ó wá da sulfuric acid lé e kí lactic acid lè yọ sọ́tọ̀. Gypsum, ìyẹn nǹkan funfun kan tó dà bí ẹfun, ló máa ń ṣẹ́kù. Tọ́ọ̀nù kan lactic acid, bíi tọ́ọ̀nù kan gypsum! Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì gypsum náà kọjá, ó funfun, ó tutù rinrin, ó ń lẹ̀ mọ́ mi ní bàtà, síbẹ̀ mi ò kọ ọ́ sínú ìṣirò. Ẹni tó yẹ iṣẹ́ mi wò ló fìka tọ́ ọ: “Èyí ńkọ́?”

Mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Òkúta tí wọ́n ń sun kó tó di lime, ajílẹ̀ tí wọ́n dà sóko, sítíìmù tá a fi ń pa kòkòrò àjèjì inú àgbá ní 121°C, gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Nọ́ńbà ìpalára kékeré tí mo ti fi ń yangàn fò sókè. Ọ̀gá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta. Àmọ́ ìṣirò yẹn ló jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í dán ìwúkàrà tó ń fara da ásíìdì wò dípò bakitéríà, torí òun kì í gba lime tó bẹ́ẹ̀.

Èsì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní tèmi, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ike yìí lẹ́yìn tí wọ́n bá jù ú nù ni wọ́n ní kí n yẹ̀ wò. “Ó máa jẹrà” ló wà nínú fọ́ọ̀mù wa. Mo ri ife kan mọ́lẹ̀ nínú ọgbà. Nígbà tó pé ọdún kan mo hú u jáde, mo fọ̀ ọ́, mo bu omi sí i, kò jò. Ibi tí wọ́n ti ń sọ pàǹtí di ajílẹ̀, tó ń gbóná tó nǹkan bíi 58°C, ni PLA ti ń jẹrà dáadáa. Ilẹ̀ ọgbà wo ló ń gbóná tó yẹn? Mo pa gbólóhùn náà rẹ́. Wọ́n dá a padà. Mo tún pa á rẹ́.